Ẹ má na ajá yẹn, aago ni kẹ́ ẹ wò

Ọ̀rọ̀ ajá la fẹ́ sọ lónìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ṣé ọ̀rọ̀ ti tán nílẹ̀ ni, tí a fi wá kan ajá? Ọ̀rọ̀ ò tán nílẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ilé ọmọ Yorùbá tó ní ajá ní London, ní Manchester àti ní Birmingham kì í ṣe ẹyọ kan, kì í ṣe méjì mọ́, àwọn ọmọ ló sì sábà máa ń fà á. Ọmọ á bẹ bàbá, á bẹ ìyá, á ní gbogbo ọ̀rẹ́ òun níléèwé ló ní ajá, pé òun á máa fún un lóúnjẹ, òun á máa mú un jáde, òun á máa kó ìgbẹ́ ẹ̀. Nígbà tó bá yá, ọkàn àwọn òbí á rọ̀, wọ́n á ra ọmọ ajá wálé. Oṣù méjì àkọ́kọ́, ẹ̀rín àti fọ́tò ni. Lẹ́yìn náà ni wàhálà á dé.

Wàhálà ọ̀hún kì í ṣẹlẹ̀ nígbà tí èèyàn bá wà nílé. Bí ará ilé bá pé, ajá á dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ síbi ẹsẹ̀ wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tilẹ̀kùn jáde báyìí, ó di ariwo. Á gbó títí ohùn á fi há. Á máa fi èékánná họ ilẹ̀kùn, á fa kọ́tìnnì ya, á jẹ bàtà tí mọ́mì fẹ́ wọ̀ lọ sóde ní Sátidé, á tọ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ ti onílé. Bí dádì bá ti ibi iṣẹ́ dé tó rí gbogbo èyí, ọwọ́ ẹ̀ á lọ sí bẹ́líìtì. Á ní olóríkunkun ni ajá yìí, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, ẹ ò rí i bó ṣe ń ṣe ojú bí ẹlẹ́ṣẹ̀ ni?

Èrò tèmi rèé, mi ò sì ní í bomi là á. Ajá yẹn ò ṣorí kunkun. Ẹ̀rù ló ń bà á, tàbí kó jẹ́ pé àárò ló ń sọ ọ́, tàbí kó jẹ́ pé kò rí nǹkan kan ṣe láti àárọ̀. Ilé ṣófo jù fún un, ó sì ṣófo pẹ́ jù. Ẹgba ò lè wo ìyẹn sàn. Kí bẹ́líìtì tó jáde, aago ló yẹ ká kọ́kọ́ wò: wákàtí mélòó la fi ajá yìí nìkan sílẹ̀ lónìí?

Ẹ jẹ́ ká padà sílé díẹ̀ ká lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ajá kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Ajá ọdẹ wà, ajá Ògún wà, ajá tó ń ṣọ́lé wà. Àwọn baba wa tiẹ̀ máa ń fi orúkọ ajá pa òwe fún aládùúgbò. Ẹni tí wọ́n ń fojú di á sọ ajá ẹ̀ ní Tanímọ̀la, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn lè máa gbọ́ ọ láràárọ̀. Nígbà tí ọ̀làjú wá dé, ajá àdúgbò wa gbogbo wá ń jẹ́ Bingo. Ibo wá ni Bingo ń gbé? Ìta ló ń gbé. Inú ọgbà ló wà, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré, tí ìyá alákàrà ń gbà kọjá, tí ayálégbé kan ń wọlé tí èkejì ń jáde, tí ìyá àgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń ja ewédú. Mi ò sọ pé Bingo ń jayé o. Ó ń jẹ òkò, ó ń jẹ àjẹkù, òmíì sì wà lórí ẹ̀wọ̀n látàárọ̀ dalẹ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ èèyàn kì í dá lójúde rẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀ sì ni kó máa gbó. Ajá tí ò bá gbó ní Ìbàdàn, wọ́n á ní kò wúlò.

Ẹ wá wo tibí. Fúláàtì oníyàrá méjì ni, lókè pátápátá. Dádì ti ṣiṣẹ́ òru, kò sì tíì dé. Mọ́mì ti jáde láago mẹ́fà ìdájí, àwọn arúgbó ló ń lọ tọ́jú, shift wákàtí méjìlá ni wọ́n fún un. Àwọn ọmọ ti lọ síléèwé, láti ibẹ̀ wọ́n á gba ilé ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ lọ. Ajá nìkan ló kù, ó ń wo ilẹ̀kùn. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, wákàtí mẹ́wàá gbáko nìyẹn. Àwa tá a jẹ́ èèyàn gan-an, bí wọ́n bá tì wá mọ́lé fún wákàtí mẹ́wàá láìsí fóònù, láìsí tẹlifíṣọ̀n, láìlè lọ sílé ìyàgbẹ́, ṣé a ò ní í fọ́ ilẹ̀kùn? Yorùbá ní èèyàn laṣọ mi. Èèyàn laṣọ ajá náà.

Èyí kì í ṣe àsọdùn. Ní Bonn-Oberkassel ní orílẹ̀-èdè Jámánì, wọ́n hú egungun ajá kan tí wọ́n sin pọ̀ mọ́ ọkùnrin kan àti obìnrin kan ní nǹkan bí 14,000 ọdún sẹ́yìn. Ẹranko tó ti ń bá èèyàn gbé láti ìgbà náà, tí wọ́n ti ń ṣà á lẹ́ṣà láti ìran dé ìran nítorí pé ó fẹ́ràn èèyàn, òun la wá ń bínú sí pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá gbé. Ta ló kọ́ ọ?

Ọ̀rọ̀ ojú ẹlẹ́ṣẹ̀ yẹn ńkọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí, wọ́n á ní bí àwọn bá ti wọlé ló ti máa ń ki ìrù bọ abẹ́, tí á sì ká etí mọ́rí, ṣé kì í ṣe pé ó mọ ohun tó ṣe ni? Lọ́dún 2009, onímọ̀ kan ní Barnard College ní New York, Alexandra Horowitz, yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò pẹ̀lú ajá mẹ́rìnlá. Olówó ajá á kìlọ̀ fún ajá ẹ̀ pé kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan ìpápánu kan, á sì jáde. Bó bá padà dé, wọ́n á sọ fún un bóyá ajá jẹ ẹ́ tàbí kò jẹ ẹ́, nígbà míì sì rèé, ohun tí wọ́n sọ fún un kì í ṣòótọ́. Ohun tó hàn kedere ni pé ìgbà tí wọ́n bá bá ajá wí ló ń ṣojú bí ẹlẹ́ṣẹ̀, yálà ó ṣẹ̀ tàbí kò ṣẹ̀. Kódà, èyí tí kò ṣẹ̀ tí wọ́n wá bá wí ló ṣojú bẹ́ẹ̀ jù. Ojú yẹn kì í ṣe ti ẹ̀ṣẹ̀, ojú ìbẹ̀rù ni. Ajá wo ojú yín, ó gbọ́ ohùn yín, ó mọ̀ pé inú ń bí yín. Ṣùgbọ́n kó wá so ẹgba aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ pọ̀ mọ́ bàtà tó jẹ láago mẹ́sàn-án àárọ̀, kò lè ṣe ìyẹn.

Kí wá ni ẹgba ṣe fún un? Ó fi ẹ̀rù kún ẹ̀rù ni. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀rù pé ẹ máa lọ ló ń bà á. Ní báyìí, ẹ̀rù pé ẹ máa dé tún ti dé. Ajá tí ẹ̀rù méjì bá pọ̀ lé lórí, á ba ilé jẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, lọ́jọ́ kan sì rèé, ó lè bu ọwọ́ tó fẹ́ nà án jẹ. Ó sì lè jẹ́ ọwọ́ ọmọ kékeré ló máa ṣèèṣì wà nítòsí.

Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo ajá tó ń ba nǹkan jẹ́ ni ẹ̀rù ń bà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ wá fóònù àtijọ́ kan, ẹ gbé e síbi tó ti lè ya fídíò, kẹ́ ẹ sì jáde. Bó bá jẹ́ pé láàárín ìlàjì wákàtí àkọ́kọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tó ń dà itọ́, tó jẹ́ pé ẹnu ilẹ̀kùn àti ojú fèrèsé ló dojú ìjà kọ, tí kò sì fẹnu kan oúnjẹ tẹ́ ẹ fi sílẹ̀, ẹ̀rù àdáwà nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé ó kọ́kọ́ sùn, tó jí, tó wá ń wá ohun tí yóò fi ṣeré kiri ilé, ọwọ́ tó dilẹ̀ ló ń ṣe é. Bó bá jẹ́ ọmọ ajá ni, eyín ló ń hù, kò sì tíì lè mú ìtọ̀ mọ́ra fún wákàtí púpọ̀. Bó bá sì jẹ́ ajá tó ti dàgbà, tí kì í tọ̀ sílé tẹ́lẹ̀, tó wá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀, àìsàn lè wà níbẹ̀. Nítorí náà, dókítà ẹranko ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí. Ẹ mú fídíò yẹn lọ fún un, iṣẹ́ á yá.

Àwọn kan á ní, ṣé torí ajá la fẹ́ kú ni, kó máa gbó, ó ti sú mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, Ìbàdàn kọ́ la wà o. Gbígbó tí ajá fi ń jẹun nílé, ẹjọ́ ló jẹ́ níbí. Aládùúgbò tí ò rí oorun sùn lè fi ẹ̀sùn kan yín ní káńsù. Bí káńsù bá sì yẹ̀ ẹ́ wò tí wọ́n rí i pé ariwo náà ti kọjá ààlà, òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 1990 lórí àyíká fún wọn lágbára láti kọ̀wé sí yín pé kó dáwọ́ dúró. Ẹni tó bá kọtí ikún sí ìwé yẹn, ilé ẹjọ́ àti owó ìtanràn ló kù. Ẹni tó bá ń yáwó san owó ilé, tó tún ń ṣe wàhálà ìwé ìgbélùú, kò yẹ kó fi ajá kún ohun tó ń lé e kiri.

Òfin kejì tún wà, èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 2006 nítorí ìtọ́jú ẹranko ní England àti Wales. Òfin yìí ò sọ pé wákàtí báyìí ni kẹ́ ẹ fi ajá sílẹ̀. Ohun tó sọ ni pé ẹni tó ni ẹranko gbọ́dọ̀ pèsè ibi tó dára fún un, oúnjẹ tó yẹ ẹ́, ààyè láti hùwà bí irú rẹ̀ ṣe ń hùwà, ẹgbẹ́ tó yẹ ẹ́, kó sì dáàbò bò ó lọ́wọ́ ìrora, ìyà àti àìsàn. Láti ọdún 2021, ẹni tó bá fìyà jẹ ẹranko lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún gbára. Ní ti wákàtí, àwọn ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ẹranko, bíi RSPCA àti Dogs Trust, gbà pé kò yẹ kí ajá tó dàgbà dá wà nílé ju wákàtí mẹ́rin lọ. Wákàtí mẹ́rin o! Ẹ fi wé mẹ́wàá tá a kà lẹ́ẹ̀kan.

Kí wá ni ṣíṣe? Àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ tó jáde, ẹ mú ajá jáde. Kì í ṣe kó kàn tọ̀ sẹ́nu ọ̀nà kó padà wọlé, kó rìn dáadáa, kó gbóòórùn ilẹ̀, kó rẹ̀ ẹ́. Ẹ wá fún un ní ohun tí yóò máa bá jà: ìṣeré rọ́bà tó ní ihò nínú, tẹ́ ẹ ti ki oúnjẹ ẹ̀ sí, kó máa fi ahọ́n wá a jáde. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún oúnjẹ wa. Eegun adìyẹ tó ti jinná máa ń fọ́ wẹ́wẹ́, ó sì lè gún un nínú. Àlùbọ́sà tó wà nínú ọbẹ̀ wa, májèlé ni fún ajá. Ṣokoléètì pẹ̀lú èso àjàrà náà ńkọ́? Májèlé ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni xylitol, ìyẹn àfidípò ṣúgà tí wọ́n máa ń fi sínú bọ́tà ẹ̀pà kan. Ẹ ka ara ike kẹ́ ẹ tó fún un.

Èkejì, ẹ kọ́ ọ ní àdáwà bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọdé ní ìrìn. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ajá ti mọ̀ pé bí kọ́kọ́rọ́ bá ti dún, tẹ́ ẹ wọ bàtà, ẹ ti ń lọ nìyẹn, àyà ẹ̀ á sì ti máa já. Nítorí náà, ẹ máa mú kọ́kọ́rọ́ kẹ́ ẹ tún jókòó. Ẹ wọ kóòtù kẹ́ ẹ wá lọ dáná. Bí ìyẹn ò bá já a láyà mọ́, ẹ jáde fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré, kẹ́ ẹ wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn, ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn ìyẹn, ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ wọlé kí ẹ̀rù tó bà á, ẹ má dúró dìgbà tó bá ń ké. Bí ẹ bá yára jù tó bẹ̀rẹ̀ ariwo, ẹ padà sẹ́yìn díẹ̀. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ó lè gba oṣù, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ẹ gbìyànjú kó má dá wà kọjá ibi tí agbára ẹ̀ dé.

Ẹ̀kẹta, ẹ wá èèyàn. Mo mọ̀ pé àwọn tó ń gbowó láti bá èèyàn mú ajá rìn ò kéré lówó, owó tá a fi ń ránṣẹ́ sílé gan-an ò sì tó. Ṣùgbọ́n ṣé a ò mọ ẹnikẹ́ni ládùúgbò ni? Bàbá tó ti fẹ̀yìn tì tí kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀, ọmọ yunifásítì tó ń wá owó ọkọ̀, ọ̀rẹ́ tí shift tiẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa. Ìdílé méjì tó ní ajá lè máa bára wọn tọ́jú ẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí màmá bá ti ilé wá láti bá wa wo ọmọ, ẹ má kàn ju okùn ajá sí wọn lọ́wọ́ o. Ẹ bi wọ́n léèrè ná. Ọ̀pọ̀ àwọn ìyá wa ni kò fẹ́ ajá nínú ilé rárá, àwọn míì sì ń ro ti àlùwàlá wọn.

Àwọn ohun kan wà tí kì í ṣiṣẹ́. Ẹ má ti ajá tí ẹ̀rù ń bà mọ́ inú àgò onírin láti fi dá a lẹ́kun, ó lè fi eyín àti èékánná jà títí á fi ṣe ara ẹ̀ léṣe. Ẹ má ra ajá kejì nítorí pé ẹ fẹ́ kó bá tàkọ́kọ́ ṣeré. Èèyàn ni tàkọ́kọ́ ń wá, bí ẹ ò bá sì ṣọ́ra, ajá méjì á máa ké. Ohun èlò tí wọ́n ń fi sí ọrùn ajá tí iná ń gbé e, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ní Wales, òfin ti fòfin de lílò rẹ̀ láti ọdún 2010. Ẹ má sì fún un ní oògùn oorun tèèyàn. Bí ọ̀rọ̀ bá le, dókítà ẹranko ní oògùn tirẹ̀ tó lè fún un pẹ̀lú ẹ̀kọ́ tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ ọ.

Mo ti ń gbọ́ èsì àwọn àgbà. Wọ́n á ní òyìnbó ti sọ ajá di ọmọ, a ò sì ní í bá wọn sọ ọ́. Mo gbà pẹ̀lú yín. Ajá kì í ṣe ọmọ. Mi ò ní kẹ́ ẹ bá a ṣe ọjọ́ ìbí, mi ò ní kẹ́ ẹ bá a rán aṣọ. Ṣùgbọ́n nígbà wo ni Yorùbá sọ pé ohun tí kì í ṣe ọmọ, ká fìyà jẹ ẹ́? Ohun tá a bá mú wọlé fúnra wa, tí kò bẹ̀ wá pé ká ra òun, ọrùn wa ló wà. Ẹ sì tún rántí pé àwọn ọmọ ń wò wá. Ọmọ tó bẹ̀bẹ̀ fún ajá, tó wá ń rí i tí wọ́n ń nà án nítorí pé ó ké nígbà tó dá wà, ẹ̀kọ́ wo lẹ rò pé ó ń kọ́? Ó ń kọ́ pé ẹni tí ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀, kó dákẹ́ ni, nítorí bó bá ké, wọ́n á lù ú. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló máa ń dá wọlé láti iléèwé, tí wọ́n á jókòó títí a ó fi dé. Mi ò rò pé ẹ̀kọ́ tá a fẹ́ kí wọ́n kọ́ nìyẹn.

Èyí ló mú kí n bẹ ẹ̀yin tẹ́ ò tíì ra ajá pé kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jókòó pẹ̀lú bébà. Ẹ kọ iṣẹ́ dádì sílẹ̀, ẹ kọ iṣẹ́ mọ́mì, ẹ kọ àkókò iléèwé, kẹ́ ẹ sì ka iye wákàtí tí ilé máa ń ṣófo lójúmọ́. Bó bá ju mẹ́rin lọ, tí kò sì sí ẹni tó lè yà wọlé lọ́sàn-án, ẹ sọ fún ọmọ pé kò tíì yá. Ọmọ á sunkún, ẹkún ọjọ́ méjì ni. Ẹkún tó máa sun lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gbé ajá kúrò nílé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ajá tí wọ́n rà nígbà kòrónà lọ́dún 2020 kò yé ẹlòmíì títí dòní. Gbogbo èèyàn ló wà nílé nígbà yẹn, ajá ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àdáwà. Ìgbà tí iṣẹ́ padà wọlé ni ariwo bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá sì máa rà á, ẹ má rà á lójú títì. Ní England, láti oṣù kẹrin ọdún 2020, òfin ò gba alágbàtà láyè láti ta ọmọ ajá tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà mọ́. Ilé tí wọ́n ti bí i ni kẹ́ ẹ lọ, kẹ́ ẹ sì rí ìyá ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ní in, tẹ́ ẹ sì ti gbìyànjú gbogbo ohun tá a kà sílẹ̀ yìí tí iṣẹ́ ò gbà fún yín, kì í ṣe ìtìjú láti jọ̀wọ́ ajá fún ẹni tó ní àyè. Ẹ pe RSPCA, ẹ pe Dogs Trust, ẹ pe Battersea tó ti ń gba ajá sílé láti ọdún 1860. Ẹ má lọ jù ú sínú páàkì lóru, ìyẹn lè di ẹjọ́, ìkà sì ni. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ bá yín lọ, kẹ́ ẹ sì sọ òótọ́ fún wọn: ajá ò ṣe nǹkan kan, àkókò ló wọ́n wa.

Ẹni tó bá sì pinnu pé òun á tọ́jú tòun, ibi tí á ti bẹ̀rẹ̀ ò jìnnà. Lálẹ́ òní, bẹ́ ẹ bá wọlé tẹ́ ẹ bá ìtọ̀ nílẹ̀, ẹ fa ajá jáde lọ rìn, ẹ padà wá nu ilẹ̀, ẹ má pariwo. Lẹ́yìn náà, ẹ mú bébà kẹ́ ẹ wá ẹni tí yóò yà sílé lọ́sàn-án ọ̀la.